Owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ àdúgbò ní Èjìgbò: ibi tó ti ń wá àti ohun tó máa ń dí i lọ́nà

Ó ṣòro láti rí òpópónà kan ní Èjìgbò tí àwọn ará ibẹ̀ kò tíì dáwó fún nǹkan kan rí. Lónìí ó lè jẹ́ gọ́tà tó dí, lọ́la á jẹ́ géètì àti owó oṣù ọlọ́dẹ, lọ́túnla á jẹ́ tiransifọ́mà tó jó láàárín òru. Bí owó náà bá ti fẹ́ pọ̀ ju agbára ilé kọ̀ọ̀kan lọ, ìbéèrè kan náà ló máa ń jáde nínú ìpàdé: ṣé káńsù ò lè fi nǹkan sí i ni?

Káńsù lè ṣe é. Òfin ò dí i lọ́wọ́. Àmọ́ ọ̀nà tí owó bẹ́ẹ̀ ń gbà wá yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò, ẹgbẹ́ tí kò bá sì mọ ọ̀nà yẹn lè kọ lẹ́tà títí táá fi sú u. Owó ìrànwọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni owó tí ẹgbẹ́ kì í san padà, tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí gbogbo àdúgbò máa lò. Kì í ṣe ẹ̀yáwó, kì í sì í ṣe owó tí wọ́n ń pín fún èèyàn kọ̀ọ̀kan.

Èjìgbò tó kàn níbí ni ti Èkó, tó wà láàárín Ìsọlọ̀ àti Ìkòtún, kì í ṣe Èjìgbò Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ gan-an ní Abidjan.

Inú àpò wo ni káńsù Èjìgbò ti ń jẹun?

Lọ́dún 2003, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà, Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà nílẹ̀ di 57. Ìjọba ìbílẹ̀ Oṣòdì-Ìsọlọ̀ di mẹ́ta: Oṣòdì-Ìsọlọ̀ fúnra rẹ̀, Ìsọlọ̀, àti Èjìgbò. Ìjọba àpapọ̀ ìgbà náà ò fara mọ́ ọn, wọ́n sì dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ìdájọ́ tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2004 sọ pé Èkó ní ẹ̀tọ́ láti dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ náà ò tíì pé títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ á fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Títí dòní, orúkọ Oṣòdì-Ìsọlọ̀ ló wà nínú ìwé yẹn. Èjìgbò ò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní LCDA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káńsù lásán ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Kí ni gbogbo èyí kan gọ́tà? Ó kàn án gan-an. Nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín lóṣooṣù, ìdá 20.60 nínú 100 ló jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà. Abala 162 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkántì àpapọ̀ kan tí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ máa gbà kọjá. Inú àkántì yìí ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kúrò, kí wọ́n tó pín ìyókù. Ní Èkó, ohun tí wọ́n kọ fún ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni káńsù 57 jọ ń jẹ. Owó Èjìgbò ti rìn láti Abuja dé Aláúsá kó tó wọ Èjìgbò, wọ́n sì ti bù ú ní ojú ọ̀nà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ mìíràn pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra wọn, kí gómìnà kankan má di í mú, káńsù tí aráàlú ò bá sì dìbò yàn ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn sí ìdájọ́ yìí, wọ́n sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n fún Èjìgbò, ọ̀rọ̀ ṣì kù. Orúkọ tó wà lórí ìwé ni Oṣòdì-Ìsọlọ̀, nítorí náà, bí owó bá tilẹ̀ lọ tààrà, ọ̀dọ̀ Oṣòdì-Ìsọlọ̀ ni tààrà náà máa dé. Ohun tí Èjìgbò máa rí níbẹ̀ dúró lórí àdéhùn tó wà láàárín wọn àti ìpínlẹ̀.

Ohun tí òfin ní kí káńsù ṣe

Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́ gbogbo èèyàn, títì àdúgbò, iná títì, gọ́tà, kíkó ilẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun àti òkú, fífi orúkọ fún òpópónà. Ó tilẹ̀ fún wọn láṣẹ láti gba owó láìsẹ́ǹsì rédíò, èyí tí olùgbọ́ rédíò kankan ò ní fẹ́ kí wọ́n rántí.

Ẹsẹ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú ò mọ̀ pé ó wà. Òfin kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtọ́jú ilé fún àwọn aláìní àti àwọn aláìlera jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àfikún yẹn tún fún káńsù ní ipa láti kó pẹ̀lú ìpínlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbàlagbà àti ètò ìlera. Ẹgbẹ́ tó ń bọ́ àwọn arúgbó tí kò lẹ́nìkan, tàbí tó ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kì í ṣe pé ó ń tọrọ bárà nígbà tó bá kọ̀wé sí káńsù. Iṣẹ́ tí òfin gbé lé káńsù lọ́wọ́ ló ń bá a ṣe. Lẹ́tà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì tọ́ka sí Àfikún náà, lágbára ju lẹ́tà tó kún fún "a fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín" lọ.

Ó yẹ kí ẹgbẹ́ mọ ààlà pẹ̀lú. Gọ́tà òpópónà jẹ́ ti káńsù, àmọ́ kànáàlì ńlá tí gbogbo gọ́tà ń dà sí, bí irú èyí tó wà ní Òkè-Afá, jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. (Kànáàlì yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò sí ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí bọ́ǹbù ń dún ní bárékè Ìkẹjà.) Ẹgbẹ́ tó bá kọ̀wé sí káńsù nípa kànáàlì, ọ́fíìsì tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń kọ̀wé sí, ìwé náà á sì sùn síbẹ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ò lè la gọ́tà

Bí ọdún bá ń lọ, àwọn káńsù Èkó máa ń pín nǹkan fáwọn aráàlú: fọ́ọ̀mù JAMB àti WAEC, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún ojú àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Nǹkan wọ̀nyí wúlò, ẹni tó bá rí i gbà á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ló ń bọ́ sí. Ẹni tó gba ẹ̀rọ ìránṣọ á gbé e lọ sílé. Gọ́tà tó dí níwájú ilé rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tí káńsù bá sì sọ pé òun ti ná owó lórí aráàlú, òótọ́ ló sọ, àmọ́ ẹgbẹ́ àdúgbò ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀bùn tó ń bọ́ sọ́wọ́ èèyàn kọ̀ọ̀kan máa ń jáde nínú fọ́tò, ó sì máa ń rọrùn láti fi ṣe ayẹyẹ. Owó tó wọ àkántì ẹgbẹ́, tí wọ́n wá fi ra simẹ́ǹtì àti irin, kì í jáde nínú fọ́tò. Ìyẹn nìkan ti tó láti ṣàlàyé ìdí tí àkọ́kọ́ fi pọ̀ ju èkejì lọ, kò sì pọn dandan kí ẹnikẹ́ni jẹ́ èèyàn burúkú kó tó rí bẹ́ẹ̀.

CDA ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹgbẹ́ tí ìjọba mọ̀ ní àdúgbò ni CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Òfin ìpínlẹ̀ ló gbé e kalẹ̀. Gbogbo CDA tó wà nínú káńsù kan ló para pọ̀ di CDC, CDC gbogbo káńsù sì ní ìgbìmọ̀ kan lókè tó ń gba gómìnà nímọ̀ràn. Ní káńsù, ọ́fíìsì kan wà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń forúkọ CDA sílẹ̀, tí wọ́n ń gba ìwé òfin ẹgbẹ́ àti orúkọ àwọn olóyè rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yìí tún lè wá jókòó nínú ìpàdé láti wo bí nǹkan ṣe ń lọ.

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé CDA àti ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù jẹ́ ohun kan náà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Gbogbo ẹni tó ń gbé àdúgbò ni CDA wà fún, ayálégbé àti onílé, ọkùnrin àti obìnrin. Àdúgbò tó bá ti ayálégbé sẹ́yìn nínú ìpàdé, tó wá ní kí wọ́n dáwó dọ́gba pẹ̀lú onílé, ń wá wàhálà. Yàtọ̀ sí wàhálà, ó tún ń ba ìwé ìbéèrè tirẹ̀ jẹ́, torí àwọn tó ń fúnni lówó máa ń béèrè iye èèyàn tó wá sípàdé àti irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Ìwé tó ní orúkọ onílé mẹ́jọ, tí gbogbo wọn jẹ́ ọkùnrin, kò jọ ìwé àdúgbò.

Ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń fún àwọn CDA ní owó ìrànwọ́ lórí iṣẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì máa ń fi ẹ̀bùn dá àwọn CDA àti CDC tó ṣe dáadáa lọ́lá níbi ayẹyẹ Community Day. Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni "tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn". Ìjọba ò fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa fi náírà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun Babangida dá àjọ DFRRI sílẹ̀ ní 1986 fún títì àti omi àwọn abúlé, àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú náà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ọwọ́ ọ̀tún. Kí gbogbo ìyẹn tó dé, ọ̀wẹ̀ àti ààrò ti wà.

Ìdá 10 tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mú wá

Ètò tó fi ìlànà yìí hàn kedere jù lọ ní Nàìjíríà ni CSDP. Ní 2008 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá Nàìjíríà ní 200 mílíọ̀nù dọ́là fún un. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó wọ inú ètò náà dá àjọ CSDA tirẹ̀ sílẹ̀, Èkó sì ní tirẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà ba ọrọ̀ ajé jẹ́, ètò NG-CARES tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 tún lo àwọn àjọ CSDA yìí láti fi ṣe iṣẹ́ ní àwọn àdúgbò.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Àdúgbò á pe ìpàdé gbogbo èèyàn, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n nílò jù, wọ́n á sì yan ìgbìmọ̀ tó máa bójú tó iṣẹ́, tí obìnrin máa wà nínú rẹ̀. Wọ́n á kọ ètò ìdàgbàsókè àdúgbò sórí ìwé. Ìgbìmọ̀ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ á yẹ ìwé náà wò, kó tó lọ sọ́dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, owó á wọ àkántì ìgbìmọ̀ àdúgbò fúnra rẹ̀, àwọn ni wọ́n á sì wá agbaṣẹ́ṣe, tí wọ́n á ra nǹkan. Owó náà kì í wá lẹ́ẹ̀kan. Ìpín àkọ́kọ́ á wọlé, wọ́n á wá wo iṣẹ́, kí ìpín kejì tó tẹ̀ lé e.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, àdúgbò gbọ́dọ̀ mú ìdá 10 nínú 100 owó iṣẹ́ wá. Ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ohun èlò, ó lè jẹ́ òógùn ojú.

Ẹ jẹ́ ká fi náírà ṣe é. Ká ní òpópónà kan tó ní ilé 60 fẹ́ ṣe gọ́tà àti afárá kékeré tó máa ná 6,000,000 náírà. Ìdá 10 rẹ̀ jẹ́ 600,000. Bí wọ́n bá pín in sórí ilé, 10,000 náírà ni ilé kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn ará àdúgbò bá já iyanrìn tó tó 150,000 náírà sílẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ sì gbẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n ṣírò iṣẹ́ wọn sí 90,000, owó tó kù di 360,000. Ilé kan á mú 6,000 wá. Ìyàtọ̀ 4,000 lórí ilé kan lè jẹ́ ohun tó máa mú kí ayálégbé fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀. Ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ọ̀wẹ̀ nìyí, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ní kà á sí owó bí wọn ò bá kọ orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti wákàtí tí wọ́n lò sínú ìwé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àdúgbò ti ń pàdánù. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ tó ju ìdá 10 lọ fíìfíì, àmọ́ kò sí ìwé kankan tó lè jẹ́rìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà

Iṣẹ́ tó ń gbé owó mì jù ní àdúgbò Èkó ni tiransifọ́mà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá ra á, tí wọ́n gbé e sórí òpó, ó ti di ara nǹkan iléeṣẹ́ tó ń pín iná. Àwọn tó ń fúnni lówó ìrànwọ́ máa ń bi ẹgbẹ́ pé ta ni yóò ni ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ìdáhùn sí ti tiransifọ́mà kì í sì í dùn létí wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, ti gbé ìlànà kan jáde ní 2015 lórí aráàlú tó bá fi owó ara rẹ̀ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìlànà náà sọ pé kí ẹgbẹ́ àti iléeṣẹ́ iná kọ́kọ́ kọ àdéhùn kí wọ́n tó ra nǹkan kan, kí àdéhùn náà sì sọ bí owó ṣe máa padà sọ́dọ̀ àwọn tó dá a. Ẹni tó bá ti ra tiransifọ́mà tán kó tó lọ béèrè ìwé àdéhùn ti pẹ́ jù. Bí àdúgbò bá ní owó díẹ̀, ó sàn kí wọ́n fi owó ìrànwọ́ ṣe gọ́tà tàbí kànga ẹ̀rọ, tó jẹ́ tiwọn, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà sí ìwé àdéhùn.

Ẹgbẹ́ tí kì í ṣe CDA ńkọ́?

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ àdúgbò ni CDA ń ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn opó wà, ẹgbẹ́ tó ń kó àwọn ọmọ jọ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń gba ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà wà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà méjì.

Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n bá CDA rìn. CDA á fi iṣẹ́ wọn sínú ètò àdúgbò, lẹ́tà á sì jáde lórúkọ CDA. Ó yá, kò sì náni ní nǹkan kan. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọwọ́ CDA ni owó máa wà, bí alága bá sì yí padà, àdéhùn ẹnu lè yí padà pẹ̀lú. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé iye báyìí ni ti ẹgbẹ́ báyìí, kí gbogbo èèyàn gbọ́.

Èkejì ni kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní CAC. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń gba ìwé orúkọ ìṣòwò torí ó rọrùn, ó sì dínwó. Ìwé yẹn wà fún okòwò, kò sọ ẹgbẹ́ di aláàánú. Èyí tó bá ẹgbẹ́ aláàánú mu wà ní Apá F nínú òfin CAMA 2020. Ẹgbẹ́ á yan àwọn alágbàtọ́, wọ́n á kọ ìwé òfin ẹgbẹ́, wọ́n á polówó orúkọ wọn nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹni tó bá ní ohun tó lòdì lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó àìmọ́, kí báńkì tó lè ṣí àkántì fún wọn láìsí wàhálà. Gbogbo èyí ń gba owó àti sùúrù. Fún ẹgbẹ́ tí gbogbo owó rẹ̀ lọ́dún ò tó owó ìpolówó yẹn, bíbá CDA rìn ló bọ́gbọ́n mu jù níbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan tún máa ń lọ sọ́dọ̀ LSETF tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2016. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, àmọ́ àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń wáṣẹ́ ló wà fún, ẹ̀yáwó sì pọ̀ nínú ohun tó ń fúnni. Gọ́tà ò lè san owó padà.

Àkántì, ọwọ́ ìwé méjì, àti ìwé ìpàdé

Bó bá jẹ́ káńsù ni, tàbí ìpínlẹ̀, tàbí iléeṣẹ́ kan tó fẹ́ ṣàánú, ohun tí wọ́n ń béèrè jọra. Àkántì gbọ́dọ̀ wà lórúkọ ẹgbẹ́. Bó bá jẹ́ àkántì akápò ni owó ń wọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀, bí akápò náà tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ jù lọ ní Èjìgbò. Ó kéré tán, èèyàn méjì gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ sí owó kó tó jáde, wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ tọkọtaya.

Àwọn ará Èkó tó ní mọ̀lẹ́bí ní Peckham lè bi wọ́n léèrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò kan wà tí wọ́n ń fi owó tẹ́tẹ́ ìjọba ṣe, Awards for All, tó ń fún ẹgbẹ́ kéékèèké ní láti £300 dé £20,000. Kò pọn dandan kí ẹgbẹ́ náà jẹ́ àjọ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìwé òfin ẹgbẹ́, àkántì lórúkọ ara rẹ̀, àti èèyàn méjì tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí ara wọn tó ń fọwọ́ sí i. Òyìnbó náà ò fọkàn tán akápò kan ṣoṣo.

Ìwé ìpàdé ni èyí tí wọ́n ń fojú kéré jù. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò á fẹ́ rí i pé ìpàdé ló pinnu iṣẹ́ yìí, kì í ṣe alága àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọjọ́, iye èèyàn tó wá, ohun tí wọ́n sọ, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Rìsíìtì náà bẹ́ẹ̀, títí dórí ti àpò simẹ́ǹtì kan. Àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń gba àjọ mọ èyí ju ọ̀pọ̀ olóyè CDA lọ: wọ́n ní ìwé, wọ́n ń sàmì sí i lójú ẹni tó mú owó wá, ẹnikẹ́ni ò sì lè jiyàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kó o.

Ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n béèrè

Ọdún ìṣúná káńsù ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní. Alága á gbé ìṣúná síwájú àwọn káńsẹ́lọ̀, àwọn ni wọ́n á fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ tó bá mú lẹ́tà wá ní oṣù Kẹta, lẹ́yìn tí òjò àkọ́kọ́ ti wọ ilé, ń béèrè owó tí wọ́n ti pín tán. Ìgbà tó yẹ ni oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá, ẹni tó sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wọn, kì í ṣe alága. Káńsẹ́lọ̀ ló ní ìbò nínú ìṣúná. Ohun tó dára jù láti béèrè níbẹ̀ kì í tilẹ̀ í ṣe owó fún gọ́tà kan. Kí CDC lápapọ̀ béèrè pé kí ìlà kan wà nínú ìṣúná fún iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ iye rẹ̀, kí wọ́n sì kọ bí ẹgbẹ́ ṣe lè béèrè fún un. Láìsí ìlà yẹn, ojúrere ni gbogbo rẹ̀, ojúrere sì máa ń bá alága lọ nígbà tí sáà rẹ̀ bá pé.

Ẹgbẹ́ tún ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí káńsù ti ná. Òfin FOI tó jáde ní 2011 fún gbogbo èèyàn láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ ń sọ pé òfin náà ò kàn wọ́n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Ìpínlẹ̀ Edo, sọ pé ó kan gbogbo ìjọba ní Nàìjíríà. Lẹ́tà lásán ti tó láti fi béèrè: orúkọ ẹgbẹ́, ìwé tí wọ́n fẹ́ rí, ọdún tó kàn. Ọjọ́ 7 ni káńsù ní láti fèsì. Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí wọ́n dákẹ́, ẹgbẹ́ ní ọjọ́ 30 láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Bí adájọ́ bá sì rí i pé wọ́n kọ̀ láìtọ́, 500,000 náírà ni owó ìtanràn tí òfin kọ sílẹ̀.